Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí Ó Kọ́ Ìṣègùn Lẹ́ẹ̀mejì

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ orúkọ Sàpárà nítorí amòfin àgbà nì, Christopher Sàpárà Williams, ẹni tí ó kọ́kọ́ di lọ́yà nínú gbogbo ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dárúkọ àbúrò rẹ̀, Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rántí kò ju pé òun ni dókítà tí ó wọ inú awo Ṣọ̀pọ̀nná lọ. Òtítọ́ ni, ó wọ inú awo. A ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́. Àmọ́ ìtàn ọkùnrin náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kan ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí ó ká àwọn òbí lára ní Iléṣà àti ní Òṣogbo, níbi tí ilé-ìwòsàn ìkọ́ni wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan lónìí: èyíinì ni irú ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a fi fún ọmọ tí yóò di dókítà, kí ẹ̀kọ́ náà tó lè wúlò fún àwọn tí yóò tọ́jú.

A bí i ní Freetown, ní ilẹ̀ Saró, ní ọdún 1861. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí ó kọ́kọ́ jẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, láti Iléṣà gan-an, ọ̀kan nínú àwọn tí a kó lẹ́rú tí a sì dá sílẹ̀ ní òmìnira sí ilẹ̀ Saró. Ní ọdún 1876 ni ìdílé náà ṣí wá sí Èkó. Bí wọ́n bá ní í lọ́kàn láti tún rìn síwájú dé ilé, ogun kò jẹ́ kí ọ̀nà là. Ọdún kejì ni ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ó sì di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó ká. Èkó ni ọmọ náà gbé dàgbà, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà mìíràn tí ó ti Saró bọ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ìró ìbọn ilé láti òkèèrè.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi í sí. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi yí padà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ apoògùn ní ilé-ìwòsàn ìjọba ní Èkó. Àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún da ìwé kọ ní ọ́fíìsì kò ní í fi ojú kékeré wo ìgbà ìwé títẹ̀ yẹn. Ojú tí ó ti mọ bí a ti ń to lẹ́tà tẹ̀léra lórí irin, tí ó mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó bá ṣìnà lè ba odidi ojú ewé jẹ́, kò ní í ka ìwé oògùn tí dókítà kọ kí ó sì fi ìwọ̀n kan pe ìkejì. Ní ti iṣẹ́ apoògùn, gbogbo ẹni tí ó bá ti rí ilé-ìwòsàn àtijọ́ mọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀: lílọ̀, wíwọ̀n, pípò, dída oògùn sínú ìgò, fífọ egbò, àti dídúró lẹ́bàá dókítà láti gbọ́ ohun tí aláìsàn ń wí kí a sì túmọ̀ rẹ̀ fún Òyìnbó. Ẹni tí ń túmọ̀ a máa gbọ́ ju ẹni tí à ń túmọ̀ fún lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ mọ̀ bí àárín dókítà àti aláìsàn ti jìnnà tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó méjì tí ó kan ara wọn ni wọ́n wà.

Ohun tí ó wá lé e lọ sí òkè òkun kì í ṣe ohun ayọ̀. Arábìnrin rẹ̀ kan kú lórí ìkúnlẹ̀. Ní ayé ìgbà náà kò sí àdúgbò kan ní Èkó tí irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ kò dé. Aboyún a máa wọ yàrá, àwọn ará ilé a máa retí igbe ọmọ, igbe mìíràn a sì sọ. Kò sí oògùn nínú gbogbo ìgò tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń tò lójoojúmọ́ tí ó lè gba arábìnrin rẹ̀ sílẹ̀. Ó pinnu pé òun yóò di dókítà.

Ẹ jẹ́ kí a yà kúrò lọ́nà díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ikú àwọn ìyá ní ìtàn kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kankan kò gbọdọ̀ ṣàìmọ̀. Ní ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ilé-ìwòsàn ńlá kan wà tí ó ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni ń kọ́ṣẹ́ ní ọ̀kan, àwọn obìnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ni ó wà ní ìkejì. Ikú àwọn ìyá pọ̀ ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ju ti àwọn agbẹ̀bí lọ, débi pé àwọn aboyún a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe gbé àwọn lọ síbẹ̀. Ní ọdún 1847 dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Semmelweis rí i pé láti ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń la òkú láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn tí ń rọbí. Ikú ni wọ́n ń fi ọwọ́ gbé. Ó pàṣẹ kí wọ́n máa fi omi oògùn fọ ọwọ́, ikú sì fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá kò fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ ọmọwé lè pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà sì kú ní ọdún 1865 láì tíì rí i kí gbogbo ayé gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. A mú ìtàn yìí wá kí ó lè yé wa pé láti ìgbà pípẹ́ ni ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè fún ẹni tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Ẹ padà wá sí Èkó. Ẹni tí ó bá fẹ́ di dókítà nígbà náà, òkè òkun ni yóò lọ, nítorí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan ní gbogbo etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò ronú kàn án. Ní ọdún 1861, ọdún kan náà tí a bí Sàpárà, ọmọ Saró kan tí í ṣe dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, James Africanus Horton, ti kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Freetown, kí a lè máa kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ ní ìlú wọn. Wọ́n kò gbà fún un. Ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, dókítà ìjọ C.M.S. kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Harrison kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ jọ ní àwọn ọdún 1860 láti kọ́ wọn ní ìṣègùn. Nathaniel King, tí ó di dókítà ní Èkó lẹ́yìn náà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Harrison kú ní 1864, kíláàsì náà sì túká. Bí iná bá kú tí kò sí ẹni tí yóò koná, ààrò a tutù.

Bẹ́ẹ̀ ni Sàpárà fi gba ọ̀nà òkun. Ní ọdún 1888 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti St. Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Skọ́tíláńdì, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ láti Edinburgh àti Glasgow ní ọdún 1895. Ẹ ka ọdún wọ̀nyí dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí ó wọ St. Thomas, ó sì lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún dáadáa kí ó tó parí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó ti kọ́lé, wọ́n sì ti bímọ.

Kí ni wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀? Wọ́n kọ́ ọ ní ohun tí ó dára jù lọ ní ayé ìgbà náà. St. Thomas ni ilé-ìwòsàn tí Florence Nightingale dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ sí ní ọdún 1860. Glasgow ni Lister ti kọ́kọ́ fi oògùn apakòkòrò wẹ ojú ọgbẹ́, tí ó sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1867, Edinburgh ni ó sì ti tún kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀nà náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ẹni tí ó bá gba ìlú wọ̀nyí kọjá ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti rí ọwọ́ mímọ́ àti irin mímọ́. Ó ti tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì kan dé ìkejì. Ó ti gbẹ̀bí.

Ṣùgbọ́n ohun kan kù. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru kò tíì ní ilé ti ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1897 ni Ross rí ẹ̀rí pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé, ọdún 1899 ni wọ́n sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì tí ń kọ́ni ní irú ìṣègùn bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ní Liverpool, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Sàpárà ti dé ilé nígbà náà. Nítorí náà ọkùnrin tí a ń rán bọ̀ wá tọ́jú ibà àti ilẹ̀-gbóná ní Èkó, ọdún méje ni ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ láàrin àwọn tí kò mọ ibà bí ẹni mọ ará ilé, tí ilẹ̀-gbóná sì ti dín kù púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn nítorí búpá. Àwa kò fi èyí bú àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ohun tí ń bẹ ní ìlú wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ tí ó kù, ilé ni yóò ti kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí a yàn láti kọ́ ọ.

Ní oṣù January 1896 ni ìjọba gbà á sí iṣẹ́ dókítà ní Èkó. Ó ti fi orúkọ Williams sílẹ̀. Ògúntọ́lá Sàpárà ni ó ń jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ayé nígbà ilẹ̀-gbóná, ẹ kò lè mọ ohun tí orúkọ náà jẹ́ létí àwọn baba wa. A kì í tilẹ̀ dá a ní tààrà. A ń pè é ní Olóde, a ń pè é ní Ọba, a ń pè é ní Ilẹ̀-gbóná, kí ó má bàa gbọ́ pé à ń pe òun. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bí oòrùn bá mú tí ilẹ̀ sì gbẹ, yóò wọ àdúgbò. Ilé tí ó bá ti pa ènìyàn, a kò gbọdọ̀ sunkún níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ ṣe òkú. Àwọn abọrẹ̀ Ṣọ̀pọ̀nná ni yóò wá gbé òkú lọ sin, àwọn náà ni yóò sì kó ẹrù òkú: aṣọ, ẹní, owó, ohun gbogbo. Ìdúpẹ́ ni a ó máa ṣe. Ìbẹ̀rù a mú kí ìdílé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ wọn a sì mú kí dókítà ìjọba má rí nǹkan kan.

Ìjọba ní búpá, èyí tí Jenner fi han ayé ní 1796; ṣùgbọ́n omi búpá tí ń ti òkè òkun bọ̀ a máa bàjẹ́ nínú ooru, àwọn ènìyàn kò sì fẹ́ nà apá fún un. Dókítà Sàpárà rí i pé àìsàn náà kò tẹ̀lé ọ̀nà tí ìwé wí. Ó ń bẹ́ sílẹ̀ níbi tí kò sí ẹni tí ó gbé e wá. Ìbéèrè ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdáhùn rẹ̀ àfi àwọn olórìṣà, àwọn olórìṣà kò sì ní í dá dókítà Òyìnbó lóhùn.

Àwọn òǹtajà Ìjẹ̀ṣà ìgbà kan wà tí a ń pè ní òṣómàáló, àwọn tí ń tà aṣọ láwìn káàkiri ìlú, tí wọ́n á sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajígbèsè títí yóò fi san owó. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ń bẹ nínú Sàpárà. Ó lọ bá àwọn olórìṣà, ó fi ara rẹ̀ hàn bí ẹni tí ń wá awo, wọ́n sì gbà á wọlé. Ó jókòó láàrin wọn, ó wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tí ó rí ni pé àwọn kan nínú wọn a máa pa èépá ara àwọn tí Olóde mú mọ́, wọn a sì fi í kó àrùn náà ran àwọn tí ara wọn dá. Ẹni tí ó bá kú, ẹrù rẹ̀ di tiwọn. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà, ètùtù rẹ̀ di tiwọn. Dókítà padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ fún ìjọba. Láti inú ẹ̀rí rẹ̀ ni òfin ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún tí ó ka ìsìn Ṣọ̀pọ̀nná léèwọ̀.

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí ní ilé ẹ̀kọ́, a máa ń fi ìyìn parí rẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí a yìn ín, nítorí ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó gbé lé ọwọ́. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí a wí ohun tí ó kù. Fífi díẹ̀ nínú ọyún ilẹ̀-gbóná sí ara ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí ó lè ṣàìsàn díẹ̀ kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ ńlá, jẹ́ ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn Áfíríkà kan mọ̀ kí Jenner tó dé. Ẹrú kan tí a ń pè ní Onesimus ni ó sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi lò ó ní ọdún 1721 nígbà tí àrùn náà jà níbẹ̀. Nítorí náà èépá kan náà tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀daràn lè wà lọ́wọ́ oníṣègùn pẹ̀lú, òfin kò sì ya ọ̀kan kúrò lára ìkejì. Àwọn kan jìyà fún ẹ̀ṣẹ̀ àwọn mìíràn. Ẹni tí a gbà wọlé sínú awo tí ó sì jáde láti tú u, a kò lè sọ pé ọkàn gbogbo ènìyàn yóò fúyẹ́ sí i. Ní tiwa, nígbà tí a bá ronú nípa àwọn ọmọ tí a gbé sin láìsunkún, a gbà pé ó ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fiyè sí ni ọ̀nà tí ó gbà mọ̀ ọ́n. Ìwé St. Thomas kò sọ ọ́ fún un. Ó ní láti padà di ọmọ-ẹ̀kọ́, kí ó jókòó sí ilẹ̀ láàrin àwọn tí àwọn ọmọwé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní abọ̀rìṣà, kí ó gbọ́, kí ó wò, kí ó sì pa ẹnu mọ́. Irú ẹ̀kọ́ kejì yìí ni ó tẹ̀lé jálẹ̀ ayé rẹ̀. Ó ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ rìn, ó ń bi wọ́n léèrè nípa ewé àti egbò igi, ó sì ń lo èyí tí ó bá dán wò tí ó sì rí i pé ó ṣiṣẹ́. Òun nìkan kọ́ ni ó ronú bẹ́ẹ̀. Obadiah Johnson, tí òun náà jẹ́ dókítà ní Èkó, ti kọ ìwé nípa ìwòsàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Edinburgh ní ọdún 1889 láti fi gba oyè rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò ka ọgbọ́n ilé sí ohun ìtìjú. Wọn kò sì gbà á mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ arábìnrin rẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ gidigidi kí a tó kọ́ ilé ìtọ́jú tí ó wà ní Massey Street ní Èkó, èyí tí ó di ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé lónìí, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé kí a kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Ó mọ̀ pé ọ̀wọ́ dókítà tí ó wà ní gbogbo Èkó kò lè dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ aboyún. Obìnrin àdúgbò ni yóò wà níbẹ̀ lóru, ọwọ́ obìnrin àdúgbò ni ó sì yẹ kí ó mọ́. Ó tún fi ẹnu sí ọ̀rọ̀ àwọn ilé tí ó há gágá ní Èkó, níbi tí ìdílé mẹ́ta ti ń mí afẹ́fẹ́ yàrá kan, tí ikọ́ ife sì ń ti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ojú rẹ̀ ti kúrò lára ìgò oògùn nìkan.

Wàyí o, ọkùnrin tí ó mọ gbogbo èyí, ta ni ó kọ́? Ibí ni inú wa kò ti dùn. Ní ọdún 1902 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da àwọn dókítà gbogbo ìlú tí ó ń ṣàkóso ní etí òkun yìí pọ̀ sí ẹgbẹ́ iṣẹ́ kan, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé ẹni tí baba àti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Yúróòpù nìkan ni ó lè wọ inú ẹgbẹ́ náà. Àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ wọn lọ sínú ìwé mìíràn, owó wọn sì kéré. Ní ọdún 1909 ìgbìmọ̀ kan tún jókòó, ó sì fi ọwọ́ sí i pé kò yẹ kí dókítà Òyìnbó gba àṣẹ lọ́dọ̀ dókítà aláwọ̀ dúdú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dé láti ilé-ẹ̀kọ́ ní àná lè pàṣẹ fún Sàpárà, ẹni tí ó ti ń tọ́jú ilẹ̀-gbóná láti 1896. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lè kọ́ni níbẹ̀, kò sí àga olùkọ́ tí a gbé kalẹ̀ fún un. Ó fara dà á, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìjọba fún un ní oyè I.S.O., ó sì fẹ̀yìn tì ní ọdún 1928.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1930, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yábàá. Àwọn ènìyàn ì bá yọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà ní ìkọ́ nínú: àwọn tí ó bá jáde níbẹ̀ kò ní í jẹ́ dókítà kíkún, olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n yóò jẹ́, ìwé-ẹ̀rí wọn kò sì ní agbára kọjá Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ Yábàá yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ọ̀dọ́ Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1934, Lagos Youth Movement. Dókítà kan, J. C. Vaughan, wà lára àwọn tí ó ṣíwájú wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Ẹ̀kọ́ òkè òkun pé, ṣùgbọ́n kò mọ ilé. Ẹ̀kọ́ ilé dé, ṣùgbọ́n wọ́n gé e kúrú. Ní oṣù June 1935 ni Dókítà Sàpárà kú, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, nígbà tí àríyànjiyàn náà ń gbóná lọ́wọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a ó fi ìkánjú sọ ọ́. Wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-ìwòsàn ńlá U.C.H. ṣí ní 1957. Ní 1963 ni Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ gbé ní Ìbàràpá, kí wọ́n lè rí bí àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ní oko àti ní ilé kí ó tó dé orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n pa ilẹ̀-gbóná run ní Nàìjíríà ní 1970, wọ́n sì kéde ní 1980 pé ó ti run ní gbogbo ayé.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìlú baba Sàpárà, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti kọ́ ilé-ìwòsàn Wesley Guild sí Iléṣà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Láti ilé-ìwòsàn yìí ni dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ti lọ ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé láàrin 1956 àti 1961. Ó rí i pé àwọn ọmọ ń kú nítorí èéyi, ikọ́ líle, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹun-kánú, àwọn ìyá a sì máa gbé wọn wá nígbà tí ó ti pẹ́ jù. Ó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa wọ̀n wọ́n, kí wọ́n sì máa fàmì sí ìwọ̀n náà lórí ìwé kan tí ìyá yóò máa tọ́jú sílé. Ọwọ́ ìyá ni ìwé náà ń gbé. Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀. Morley padà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọ́ àwọn dókítà láti ìlú púpọ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1965 tí ń fi ohun èlò ìkọ́ni olówó pọ́ọ́kú ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn káàkiri. Ẹ̀kọ́ tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọ́ ọ ni ó fi ń kọ́ wọn. Nígbà ayé Sàpárà, Ìjẹ̀ṣà ni ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìṣègùn.

Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìlera sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. I. Grillo ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́, èrò rẹ̀ sì ni pé kí a má ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ inú ilé-ìwòsàn nìkan. Ní 1975 wọ́n so Wesley Guild ti Iléṣà pọ̀ mọ́ ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Ifẹ̀, ilé ìtọ́jú Ìmẹ̀sí-Ilé sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Òṣogbo, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni tí ó ti jẹ́ ti LAUTECH tẹ́lẹ̀ ti di ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun báyìí. Òṣogbo kò ṣàìmọ ọ̀rọ̀ ìwòsàn tẹ́lẹ̀. Odò Ọ̀ṣun ni àwọn obìnrin ti ń pọn omi àgbo láti ayébáyé nítorí ọmọ àti nítorí ìkúnlẹ̀, àwọn ìyá abíyè sì ń bẹ ní àdúgbò gbogbo tí àwọn aboyún ń tọ̀ kí wọ́n tó rántí dókítà. Bí a bá bi wá léèrè, àwa yóò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó tó gba oyè, lọ jókòó sí agbo ilé ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí fún ìgbà díẹ̀, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá bí ó ti yẹ, kí ó wo ọwọ́ wọn, kí ó bi wọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, kí ó sì fi bí a ti ń fọ ọwọ́ hàn wọ́n láì fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Àwọn kan yóò wí pé èyí yóò fi àkókò akẹ́kọ̀ọ́ ṣòfò, àti pé ìwé tí wọ́n ní láti kà ti pọ̀ jù. Ìwé tí Sàpárà kà ní Edinburgh kò kéré.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń wọn ọmọ ní ilé ìtọ́jú, ẹ lọ wo àwọn ìyá bí wọ́n ti tò lọ, ọmọ ní ẹ̀yìn, ìwé ní ọwọ́. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wọn yẹn, Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.